Àlọ́ Tí À Ń Fẹsẹ̀ Wọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti ọjà, ẹ kú ìjókòó, ọjà á tà. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín iná rẹ̀ kù díẹ̀, kó má di pé èmi ni mo jẹ́ kó jóná. Láti Ìtamàga ni mo ti ń kí yín. Mo kí ará Ìkòròdú. Mo kí Ìgbógbó àti Ìjẹ̀dẹ́. Mo kí Ìmọ̀tà, mo kí Àgbọ̀wà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin lẹ lẹ́ja tútù, mo kí yín, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tiyín wà níparí.

Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè kan ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo lẹ dúró de ìtàn kẹ́yìn? Mi ò sọ pé owó o. Owó, gbogbo wa là ń dúró dè é. Mi ò sọ pé iná ìjọba. Ìtàn ni mo wí. Ìtàn tí kò jẹ́ kí oorun kùn yín. Ìtàn tẹ́ ẹ jí lówùúrọ̀, tẹ́ ẹ ní, “Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí wọn báyìí?” Ìgbà wo ni?

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi fún yín.

Lọ́dún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sáré wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Bàbá kékeré! Tírélà ti jáde!”

Mo fò dìde lórí àga. Mo ní, “Tírélà jáde láti ibo? Èyí tó ń kẹ́rù bọ̀ láti Odógúnyàn ni? Ṣé kò kọ lu èèyàn?” Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọ̀nà wa. Ládùúgbò wa, bí èèyàn bá ti pariwo tírélà, ẹsẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà wò mí. Ẹ̀rín ń pa á, ó ń gbé e mì nítorí pé mo jẹ́ bàbá fún un. Ó ní, “Rárá o, Bàbá kékeré. Tírélà géèmù ni.”

Tírélà géèmù. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má tijú, èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Fídíò kékeré kan ni. Wọ́n á gbé e jáde kí géèmù fúnra rẹ̀ tó jáde. Òórùn ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀, òórùn rẹ̀ ti pe ará ilé kejì síta.

Géèmù wo wá ni? Orúkọ rẹ̀ ni Relooted. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nyamakop, ní Gúúsù Áfíríkà, ló ṣe é. Mo ní, “Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀?” Ó ní rárá. Mo ní, “Ìbọn ni wọ́n ń yìn?” Ó ní rárá. Mo ní, “Kí wá ni wọ́n ń ṣe?” Ó ní, “Bàbá kékeré, wọ́n ń lọ kó ẹrù wa padà wálé ni.”

Ẹrù wa bíi ti báwo? Ọmọ náà jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà wà. Àwọn kan láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà lóríṣiríṣi kó ara wọn jọ, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Wọ́n ń wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àwọn òyìnbó. Ohun tí wọ́n sì ń gbé jáde níbẹ̀ kì í ṣe ohun àfinúrò. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tó wà lóòótọ́ ni, tó wà lókè òkun níbi tí wọ́n kó o sí.

Mo dákẹ́. Mo rántí ohun tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó kó ní ààfin Ìbíní lọ́dún 1897. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ yìí. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ á di. Géèmù tí kò tíì jáde nígbà náà ló wá jẹ́ kó bi mí pé, “Bàbá kékeré, àwọn ère Ìbíní yẹn, mélòó ni wọ́n ti dá padà nínú ẹ̀?”

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe yé mi. Géèmù tó ní ìtàn nínú, àlọ́ ni. Àlọ́ gan-an gan-an. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àlọ́ tí à ń fẹsẹ̀ wọ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Nínú àlọ́ ìyá wa àgbà, Ìjàpá dé oríta. Ìyá àgbà nìkan ló mọ ọ̀nà tó máa gbà. Àwa ọmọ a lanu sílẹ̀, à ń wò ó lẹ́nu. Nínú géèmù onítàn kan, bí ẹ bá dé oríta, géèmù á dákẹ́. Á máa wo ẹ̀yin lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ máa yan ọ̀nà. Bí ẹ bá yà sósì, ìtàn á yà sósì. Nínú àwọn mìíràn, bí ẹ bá parọ́ fún ọba láàárọ̀, ọba á rántí rẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá fún arúgbó kan lómi mu lójú ọ̀nà, ọwọ́ arúgbó yẹn lẹ máa bá kọ́kọ́rọ́ níwájú.

Ṣé ohun àjèjì nìyẹn? Ẹ rò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń pa àlọ́ àpagbè fún wa, ṣé a kàn jókòó bí àpò gàrí ni? Ìyá àgbà á dá orin, àwa la máa gbè é. Bí a ò bá gbè é, ìyá àgbà ò ní lọ síwájú. Ìjàpá á dúró síbi tó wà, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, títí àwa ọmọ á fi lanu. Àwa là ń ti àlọ́ lọ síwájú láti ìgbà yẹn wá. Àlọ́ ni, mo ti wí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nìyí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé géèmù yẹn nílé mi. Kò sí páàdì, kò sí kọ̀ǹpútà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Fóònù ọmọ náà gan-an, ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ inú ọ̀gbẹlẹ̀. Síbẹ̀, nígbà náà, ó ń dúró. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń dúró. Mo ní, “Tó bá wá jáde, kí lo máa fi gbá a?” Ó ní òun ò ní gbá a. Ó ní ẹlòmíràn á gbá a, á fi sórí YouTube, òun á máa wò ó. Mo ní, “O ń dúró de oúnjẹ tí ẹlòmíràn fẹ́ jẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Mo tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú títì wa tí wọ́n ti ń gbá géèmù. Ẹ mọ irú rẹ̀: tẹlifíṣàn méjì, bẹ́ńṣì gígùn kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ké lẹ́yìn ilé bí ẹni pé wọ́n ń fi ata sí i lójú. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú tẹlifíṣàn. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Níta, lábẹ́ iná, orí márùn-ún mẹ́fà pé lé fóònù kan ṣoṣo. Géèmù onítàn kan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá a, bóyá Amẹ́ríkà ló wà, bóyá Jàpáànì ni. Ẹ wá gbọ́ ariwo àwọn ọmọ Ìtamàga! “Má wọbẹ̀!” “Yà sọ́tùn-ún!” “Ìyá yẹn ń parọ́ fún ẹ!” “Yé, ó ti wọlé, ó ti kú!” Gbogbo wọn kọ háà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà kọ ọ́. N kò mọ ìgbà tí ó bọ́ lẹ́nu mi.

Ègbè ni wọ́n ń gbè níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ègbè àlọ́ gan-an ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Géèmù tó ní ìtàn nínú là ń sọ. À ń sọ ti àwọn ọmọ wa tó ń dúró dè é bí ẹni ń dúró de ọdún. Mo ní àlọ́ ni. Mo ní ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nílé báyìí. Ẹ ń sọ pé, “Ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Iṣẹ́ ilé ìwé ńkọ́?” Iṣẹ́ ilé ìwé wà níwájú. Nílé mi, bí ìwé ò bá tíì parí, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ sì gbọ́: kì í ṣe gbogbo géèmù ni ti ọmọdé. Àwọn kan wà tó jẹ́ kìkì olè jíjà àti ìpànìyàn. Wọ́n kọ ọjọ́ orí ẹni tó lè gbá a sára páálí rẹ̀. Ẹ kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ò lè kawé, ẹ ní kí ọmọ mìíràn kà á fún yín, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbá a. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sínú àlọ́.

Ìdúró de ìtàn yìí gan-an ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Ẹ má rò pé àwọn ọmọ ayé òde òní ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Akéde Èkó. Isaac Thomas ni olóòtú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Obìnrin náà ní Sẹ̀gilọlá lorúkọ òun. Ó ní ẹwà òun ti ṣá, àìsàn ti gbé òun dè, òun wá ń jẹ́wọ́ ohun tí òun fi ojú ẹlẹ́wà ṣe nígbà èwe. Áà! Èkó gbóná. Lẹ́tà kan jáde, wọ́n ń retí èkejì. Èkejì dé, wọ́n ń retí ẹ̀kẹta. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé kí i, wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Àwọn kan fowó ránṣẹ́ pé kó fi tọ́jú ara.

Ṣé ẹ mọ ẹni tí Sẹ̀gilọlá jẹ́? Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kọ lẹ́tà. Ọkùnrin! Lọ́dún 1930, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó di ìwé. Ẹ wò ó: àwọn baba wa fowó ránṣẹ́ sí obìnrin inú ìtàn. Kí wá la fẹ́ fi bú ọmọ tó ń ka oṣù nítorí géèmù?

Ẹ tún rántí Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Ẹ rántí bí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwé tó jáde lọ́dún 1938. Baba arúgbó kan wá bá akọ̀wé, ó ní kó mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Baba sọ ìtàn títí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní ó dọ̀la. Ibi tó dùn jù ló ti dìde o! Nígbà tó máa fi padà dé, ẹnu ti ròyìn, èrò ti pé jọ. Nígbà tó tún dé, èrò ti kún àgbàlá. Fágúnwà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ibi tí èèyàn ti ń retí ọ̀la ni ìtàn ti ń dùn jù. Ó kọ ìdúró sínú ìwé gan-an.

Ẹ má lọ o. Ẹ jẹ́ n mú yín dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa, ní Kamẹrúùnù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Olivier Madiba. Lọ́dún 2003, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ ṣe géèmù onítàn, géèmù tó jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà ni akọni rẹ̀, tó jẹ́ pé agbára àwọn baba ńlá ni agbára inú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa wò ó bí ẹni tí iba ń ṣe, àbí? Géèmù, ní Kamẹrúùnù? Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa?

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún ń yí lu ọdún. Ó tó ọdún 2013 kí wọ́n tó lè ṣí ilé iṣẹ́ náà ní Yaoundé. Kiro'o Games lorúkọ rẹ̀. Owó ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èésú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àjọ, ọ̀rọ̀ yìí á yé yín. Wọ́n lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí ìtàn yìí wá dá sí i. Àwọn èèyàn tí wọn ò rí rí, ní ìlú tí wọn ò dé rí, dá owó. Lọ́dún 2015, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn tún dá a. Kí ni wọ́n rà? Géèmù ò tíì sí nílẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Lóṣù kẹrin ọdún 2016, géèmù náà jáde. Aurion lorúkọ rẹ̀. Láti 2003 dé 2016! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti wọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì.

Ìtàn wo ló wà nínú rẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀, ará Ìkòròdú, ẹ máa rò pé ààfin kan nítòsí yín ni mò ń sọ. Ọmọ ọba kan wà, Enzo. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e gorí ìtẹ́, tó ń gbé Erine níyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó, àna rẹ̀ gan-an, dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n lé ọkọ àti ìyàwó jáde nílùú. Àwọn méjèèjì wá ń rìn kiri ayé, wọ́n ń wá agbára tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀, kí wọ́n lè padà wá gba ilé. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: ìyàwó kò dúró sílé máa sunkún. Ó ń bá ọkọ jà lójú ogun, ó ń gbà á nímọ̀ràn. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìtàn yẹn? Àna tó gbàjọba! A ti wò ó nínú fíìmù Yorùbá títí ojú ń ro wá. Àlọ́ ni. Ohun tuntun ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yin lẹ fi ń lé e.

Ní tiwa ńkọ́? Ní Èkó níbí, Maliyo Games ti wà láti 2012. Ti orí fóònù ni wọ́n ń ṣe, géèmù kéékèèké, ti ọlọ́kadà, ti ẹ̀fọn. Ó dùn, mo gbá ti ẹ̀fọn, mo fi gbẹ̀san ohun tí ẹ̀fọn Ìtamàga ń fojú mi rí. Lọ́dún 2024, nígbà tí Disney àti àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ Kugali gbé Iwájú jáde, eré Èkó ọjọ́ iwájú yẹn, Maliyo ló ṣe géèmù tó bá a rìn. Oúnjẹ ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ebi ìtàn ló ń pa èmi. Ìtàn gígùn. Ìtàn igbó.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ti igbó? Nítorí pé ìtàn náà ti wà nílẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé Fágúnwà láti 1938. Ẹni tó máa fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ ló ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọba pe ọdẹ kan, Àkàrà-Ògùn, ó rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọ̀nà jìn, ibi pọ̀ níbẹ̀. Àkàrà-Ògùn ní òun ò lè dá a lọ. Ó kó àwọn ọdẹ jọ. Ta ni wọ́n? Kàkò, oníkùmọ̀ ẹkùn. Ìmọ̀dóyè, ọlọ́gbọ́n wọn. Olóhùn-iyọ̀, tó jẹ́ pé bó bá kọrin, ohun gbogbo dúró. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ, tó gbọ́ èdè ẹranko. Ẹfọ́ìyẹ́, ọlọ́fà. Àràmàǹdà-Òkùnrin, tó ń làágùn nígbà òtútù, tí òtútù ń mú nígbà ooru. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ka orúkọ wọn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Ọmọ náà dìde jókòó. Ó ní, “Bàbá kékeré, ta ló ṣe géèmù yìí?” Mo ní, “Géèmù kọ́, ìwé ni.” Ó ní kò lè jẹ́ ìwé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń to géèmù gan-an nìyẹn: ẹgbẹ́ kan, kálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀, ọ̀nà jíjìn, òkè kan níparí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ló dé. À ń tò ó. Bí ẹ bá dé ẹnu ibodè tí oníbodè ibẹ̀ le bí irin, ta lẹ máa pè? Ọmọ náà ní Kàkò, kó la kùmọ̀ mọ́ ọn. Mo ní ọ̀dẹ̀ ni ẹni tó bá ń pe Kàkò ní gbogbo ìgbà. Kí ló dé tí o ò pe Olóhùn-iyọ̀? Bí ẹranko ńlá bá dúró láàárín ọ̀nà, ṣé ọfà ni, àbí ká ní kí Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ bá a sọ̀rọ̀ ná? Bí ìlú kan bá pa irọ́ mọ́ yín, tí ọ̀rọ̀ dì bí irun tí wọn ò yà, àbí Ìmọ̀dóyè kọ́ ni? Ọbẹ̀ jóná níwájú wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kìlọ̀ fún ẹ̀yin ìyá wa níbẹ̀rẹ̀.

A wá dé ibì kan tí ó pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìwé náà, ẹ máa rántí. Nígbà tí wọ́n wá pe Kàkò, obìnrin kan fẹ́ràn rẹ̀. Kò fẹ́ kó lọ. Ó dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kàkò bínú, ó pa á, ó sì tẹ̀ lé àwọn ọdẹ lọ. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń ka ibẹ̀ kọjá, tí ọkàn mi ń gbọgbẹ́. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Fágúnwà ti kọ ọ́, ó ti gbẹ.

Ọmọ náà ní, “Nínú géèmù, wọ́n máa bi wá.”

Mo ní, “Bi wá ní kí ni?”

Ó ní, “Wọ́n máa bi wá bóyá kí Kàkò dúró.”

Ẹ gbọ́ o. Bí Kàkò bá dúró ńkọ́? Obìnrin yẹn á yè. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ á lọ sí Òkè Láńgbòdó láìsí kùmọ̀ ẹkùn. Ibi tí kùmọ̀ ti gbà wọ́n sílẹ̀, kí ni wọ́n máa fi ṣe é? Ta ló máa kú dípò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, kí lẹ máa yàn? Ẹ má dá mi lóhùn kíákíá. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì yàn. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ka ìwé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló fi ìbéèrè yìí hàn mí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára pé kí ìtàn dúró kó bi òun.

Ìwé yìí kì í sì í ṣe ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn o. Lọ́dún 1968, Wọlé Ṣóyínká gbé e lọ sí èdè òyìnbó. Lọ́dún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú rẹ̀, Langbodo, ni Nàìjíríà fi ṣojú ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Láti inú ìwé dé orí ìtàgé. Láti orí ìtàgé dé inú páàdì ńkọ́? Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju Òkè Láńgbòdó lọ ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ jókòó. Àlọ́ tí à ń fẹsẹ̀ wọ̀ là ń sọ.

Ẹnì kan á ní, “Ta ló máa ṣe é? Àwọn ọmọ wa tí wọn ò ní kọ̀ǹpútà?” Ẹ jẹ́ n rán yín létí. Àwọn ọmọ kan wà ní Ìkòròdú wa yìí, Ikorodu Bois là ń pè wọ́n. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á wo tírélà fíìmù òyìnbó, wọ́n á sì ṣe é tiwọn. Ibi tí òyìnbó ti lo ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á lo bárò. Ibi tí òyìnbó ti lo ìbọn, wọ́n á lo igi. Lọ́dún 2020, wọ́n ṣe ti fíìmù Extraction. Àwọn tó ni fíìmù náà rí i lókè òkun. Netflix fi ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí apá kejì jáde lọ́dún 2023, wọ́n pè wọ́n síbi ìfihàn rẹ̀. Bárò ló gbé wọn débẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bárò tí à ń fi kó yanrìn.

Ẹ má gbọ́ mi ní gbígbọ́kúgbọ̀ọ́. Mi ò sọ pé kí ìjọba má fún wa níná. Àwọn ará Yaoundé á sọ fún yín pé bárò ò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Ó ń fẹ́ ẹni tó ń yàwòrán, ẹni tó ń kọ ìtàn, ẹni tó mọ ìlù, ẹni tó mọ ìṣirò. Ó ń fẹ́ owó. Ó ń fẹ́ àgbà tó máa jókòó sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kí ọba, tún un ṣe.” Ìyẹn gan-an ni mo rí i pé èmi lè ṣe. N kò mọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọba.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ó kàn yín wàyí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà mú ìwé kan wá bá mi, ìwé tó yẹ kó fi ṣe ìṣirò. Ó ti ya máàpù sínú rẹ̀. Ìtamàga wà lápá kan, ó ya ṣọ́ọ̀bù géèmù, ó ya jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú èéfín rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ wà lápá kejì. Ọ̀sà wà láàárín, ó fi bírò búlúù kùn ún títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ ya. Mo ní, “Kí nìyí?” Ó ní ìlù kan gbọ́dọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ kó tó di ọjọ́ ọdún Káyọ̀káyọ̀. Ó ní tí kò bá débẹ̀, ọdún ò ní ṣeé ṣe. Mo ní, “Ta ló gbé ìlù náà?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni.”

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí àkọ́kọ́ gba títì, ó gba Itóìkín lọ. Ọmọ náà ya tírélà mẹ́rin sójú ọ̀nà yẹn, ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín. Èyí èkejì gba inú igbó, ó gba Àgbọ̀wà, ó gba Èjìnrìn níbi tí ọjà àtijọ́ wà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ń ná ọjà náà lóru kò ní òjìji. Èyí ẹ̀kẹta gba orí omi. Ọkọ̀ ojú omi kan wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wà á kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ó ní, “Bàbá kékeré, ẹ yàn.”

Mo wò ó títí. Mo ní mo yan orí omi.

Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ní ó dá mi lójú. Ó ṣí ojú ewé kejì. Òfìfo ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní òun ò tíì yà á débẹ̀. Ó ní ìdánwò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlù wà lórí itan mi, ọkọ̀ ti ṣí kúrò ní èbúté, awakọ̀ ò tíì yíjú padà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.